Wákàtí Mẹ́ta sí Ottawa

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fi bàálù gbé Leetia lọ sí Ottawa. Oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru débi tí àwọn dókítà ìlú wọn, Iqaluit ní àríwá Kánádà, fi ní apá àwọn ò ká a. Bàálù aláìsàn náà kò ní àyè fún ẹbí. Pitsiula, ìyá rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ ilé-ìwé, ní òun á wọ bàálù èrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìjì ló kọ́kọ́ dé. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀ níta. Síbẹ̀ Pitsiula gbé báàgì rẹ̀, ó di pápákọ̀ òfúrufú. Kò lè jókòó. Á rìn dé ojú fèrèsé, á padà, á tún lọ bá Rhoda, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù, nídìí káńtà.

"Rhoda, ọmọ dáadáa, kí ni wọ́n wí?"

"Àǹtí, ohun tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà ni."

"Ìgbà yẹn ti pẹ́."

"Kò pẹ́ o, Àǹtí. Tíì tí mo ń mu nígbà yẹn ṣì gbóná."

Jamesie ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi ọkọ̀ gbé e wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbàá kìlómítà ni ibí sí Ottawa. Pẹ̀lú bí o ṣe ń rìn yìí, o ti kọjá ibẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wákàtí mẹ́ta péré ni! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá wa fi sáré lẹ́yìn àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín lọ bá ìyá wa nígbà tó fẹ́ bí ẹ."

"Bàbá ń rìn ní tiwọn! Ẹsẹ̀ wọn ń kúrò níbìkan. Èmi ńkọ́?"

Jamesie dìde, ó bá a rìn. 

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀run là. Pitsiula pe Leetia kó tó wọ bàálù. Kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e. Ni wọ́n bá ní kí gbogbo èrò pa fóònù wọn.

Wákàtí mẹ́ta náà gùn ju ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ. Ó ń tú ìgbànú àga, ó ń dè é. Òkun dídì ń kọjá nísàlẹ̀, àfi bíi pé bàálù ò kúrò lójú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ti dé ìdajì?" ó bi ọkùnrin tó jókòó tì í.

"Ó kù díẹ̀ kó pé ìdajì, Mà."

Bí táyà ṣe kanlẹ̀ ló tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá níbẹ̀: wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Leetia, ọmọkùnrin ni, àwọn méjèèjì wà láàyè.

Nígbà tó dé ilé-ìwòsàn, ó rí i pé ọmọ náà ò tó kílò méjì. Inú àpótí dígí ló wà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nímú rẹ̀. Leetia ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́mì, wọn ò tíì jẹ́ kí n gbé e."

"Wọ́n á jẹ́ kí o gbé e. Sún, jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ tì ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n lò kí dókítà tó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọmọ náà sùn láti Ottawa dé Iqaluit, ìyá rẹ̀ náà sùn. Pitsiula nìkan ni kò sùn: ọwọ́ rẹ̀ wà láyà ọmọ, ó ń ṣọ́ bó ṣe ń mí.