Aṣọ Pupa Lẹ́sẹ̀ Òsì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ìyá ọkọ mi, ẹ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kàn án fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí ìyàwó, ó ní ẹni tó bá máa fún wàrà nínú ọgbà màlúù yìí gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Bàbá ti kú, ọkọ Màmá náà ti kú. Ọkọ mi ti ra ẹ̀rọ tó ń fa wàrà, ọmọ wa obìnrin, ìran kẹrin nínú ọgbà yìí, ló sì ń darí rẹ̀. Àpótí ò kúrò nílé màlúù. Màlúù tó bá ń bẹ̀rù ẹ̀rọ, tàbí tí ara rẹ̀ ò yá, Màmá ló ń fọwọ́ fún wàrà rẹ̀.

Apá ọ̀tún ló máa ń jókòó sí. Á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù náà, á kí i, á bi í bóyá ó sùn dáadáa, kó tó gbé garawa sábẹ́ ọmú. Èmi kì í gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Tèmi ni, "Ìyàwó, omi gbígbóná dà?"

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. A ti bá a níbi tó ti ń kí òpó ilẹ̀kùn kú àárọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ tá a bá sọ ọ́ ló máa fi àpótí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpótí yẹn ló ń jí i láàárọ̀. Èmi tí mò ń ṣẹ̀fẹ̀ yìí, ẹ̀rù ọjọ́ náà ń bà mí gan-an.

Ìgbà náà ni ọmú màlúù wa kan tí à ń pè ní Olóríkunkun wú. Dókítà ẹran gún un lábẹ́rẹ́, ó sì kìlọ̀ pé títí oògùn yóò fi kúrò lára rẹ̀, wàrà rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ti àwọn yòókù. Ọkọ mi so aṣọ pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ òsì bí a ti máa ń ṣe, torí apá òsì ni àwa tá à ń lo ẹ̀rọ ti ń sún mọ́ wọn. Wàrà aláṣọ pupa, gọ́tà ló ń lọ; a kì í tún fẹnu sọ ọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ tó máa ń wá gbé wàrà bu díẹ̀ nínú táǹkì wa, ó ki bébà tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀ ọ́, ó sì mirí sí ọkọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn wà nínú rẹ̀. Mi ò lè gbé e."

Gbogbo táǹkì ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá, tó fọwọ́ fún wàrà Olóríkunkun láàárọ̀ yẹn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, garawa òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó bèèrè pé:

"Wàrà ta ni wọ́n dà mọ́ ọn?"

Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀, ó wá wò mí. "Èmi ni, Màmá. Mo gbàgbé láti so aṣọ pupa mọ́ Olóríkunkun."

Aṣọ pupa ọ̀hún rèé lẹ́yìn rẹ̀ gangan, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀ màlúù! Mo sáré lọ dúró síwájú ẹsẹ̀ náà, mo tẹ́ apá aṣọ mi bíi kọ́tìnnì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Màmá rìn wá, ó rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ òsì, ó sì bá aṣọ náà níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó sọ fún ọkọ mi, "o ò mọ irọ́ pa láti kékeré."

"Màmá, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Màmá gbé àpótí rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Màmá ò jáde. Èmi ni mo lọ fún wàrà Olóríkunkun, ó sì ta èmi àti garawa nípàá. Ọkọ mi lọ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbé àpótí yín, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí n tún lọ ba tòní jẹ́? Ojú mi ti lọ, ọmọ mi."

"Mi ò bi yín léèrè ojú. Ọwọ́ ni mo wá yá."

Ó tẹ̀ lé e tìkọ̀tìkọ̀. Ó jókòó sápá ọ̀tún, ó na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn Olóríkunkun, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Okùn kan wà níbẹ̀, ó nípọn, ó ní kókó.

"Ta ló so èyí sápá ọ̀tún?"

"Èmi ni, Màmá. Ibi tó yẹ kó ti wà tipẹ́ nìyẹn. Àwa la lọ so ó síbi tọ́wọ́ yín ò dé."

Omijé wà lójú Màmá. Ó wà lójú tèmi náà. Màmá wá tẹ kókó okùn náà wò.

"Kò le. Báyìí lo ṣe máa ń so àwọn ọmọ màlúù, tí wọ́n fi ń já."

Ó tú u, ó sì tún un so, láìwò ó. Ó bi Olóríkunkun bóyá ó sùn dáadáa. Nígbà tó fún un tán, ó dìde, ó fúnra rẹ̀ gbé garawa náà, ó sì lọ dà á sí gọ́tà.