Kápẹ́ẹ̀tì Ìyá Bísí

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tuntun ló máa ń gbé mi padà sílé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ òórùn náà: ó dà bíi ti táyà tí oòrùn pa, tí ẹnì kan wá bu pọ́dà díẹ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, òórùn yẹn gba gbogbo yàrá wa kan ṣoṣo, ó borí òórùn èédú àti ti ògì gbígbóná.

Kápẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe tiwa. Ìyá Bísí, aládùúgbò wa, ló ni ín. Yẹ̀pẹ̀ ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tiwa. Màámi máa ń po ìgbẹ́ màálù mọ́ omi, á fi pa á títí yóò fi dán, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, ekòló á tún yọjú sí wa bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé obìnrin kan ń bọ̀ láti máa wọ ojúlé dé ojúlé, láti béèrè bí olúkúlùkù ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn wa ṣe, màámi náà ò sì béèrè. Àdúrà rẹ̀ àràárọ̀ ni, "Olúwa, bò wá láṣìírí," ó sì gbà pé ó yẹ kí ẹni tó gbàdúrà ran Ọlọ́run lọ́wọ́ díẹ̀. Òun àti Ìyá Bísí bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Nígbà tí aǹtí oníwèé dé, tó gbé pátákó pẹlẹbẹ tó fi há ìwé sí abíyá, ilé Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ wọ̀. Bó ṣe jáde, Ìyá Bísí fi ẹ̀pà sísè dá a dúró níwájú ilé, ó ń béèrè ìyá rẹ̀, ó ń béèrè bàbá rẹ̀, títí kan àwọn tí kò mọ̀. Èmi àti màámi gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Ìyá Bísí, a ká kápẹ́ẹ̀tì, a gbé e, a sáré. Ẹ̀rín ń pa mí. Màámi ní, "Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé eré là ń ṣe ni?" Òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì náà ò tó yàrá wa. Igun kan ṣẹ́ kù níbi tí yẹ̀pẹ̀ ti hàn. Màámi ní kí n lọ dúró síbẹ̀, kí n má sì kúrò o. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì bò ó.

Aǹtí béèrè ibi tí a ti ń pọnmi. Màámi ní, "Ìtòsí ibí náà ni." Kí ilẹ̀ tó mọ́ la máa ń gbéra lọ sódò tó jìnnà yẹn. Ó béèrè bí a ṣe ń jẹun. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó tún máa ń ṣẹ́ kù." Ó béèrè bóyá mo ń lọ sílé ìwé, ìyẹn nìkan sì ni ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́. Nígbà tó kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀, màámi nawọ́ sí i. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, aǹtí."

Aǹtí wò ó. Ojú ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó kápẹ́ẹ̀tì náà rí wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nílé Ìyá Bísí. Ó wò ó pẹ́. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú màámi. Ṣùgbọ́n ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ilé yín dára, mà." Inú màámi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó yege ìdánwò.

Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò tó wà ní òdìkejì odò. Àwọn àgbà wa lọ béèrè tiwa. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ní ìwé tí aǹtí kọ fi hàn pé ara tu àwọn ará ọ̀dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti màámi ń ti odò bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ní, "Mo bo àṣírí wa, mo sì bo òùngbẹ wa mọ́ ọn." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò omi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí aǹtí yẹn. Màámi máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Aǹtí rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ẹ̀fà ló sì kọ sílẹ̀.

Àfi bí èmi náà ṣe wá di aǹtí oníwèé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní kílíníìkì kan ní Lake Highlands, nílùú òyìnbó níbí. Ìlú Frisco ni mo ti ń wakọ̀ wá, níbi tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé mi ti jẹ́ pákó dídán tí àwọn ọmọ mi ń fi ìbọ̀sẹ̀ yọ̀ lórí rẹ̀. Kí n tó wọn ìfúnpá ẹnikẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ béèrè: ṣé oúnjẹ máa ń tán nílé yín kí owó mìíràn tó wọlé? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, jókòó níwájú mi. Ó wé gèlè, ó fín lọ́fínńdà. Ìgbà kẹta tó máa wá nìyẹn, ó sì ń rù sí i ni; ìró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo béèrè. Ó ní, "Àwa kẹ̀? Fridge wa kún, ọmọ mi. We thank God."

Ìka mi wà lórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti dárí ji aǹtí yẹn. Ó rí wa, ó kàn ṣàánú ojú màámi ni, torí èmi ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àánú yẹn ló sì gba omi lẹ́nu wa.

Mo yí àga mi sí Màmá. Mo ní, "Màmá, yẹ̀pẹ̀ ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé tiwa o." Mo sọ ìtàn kápẹ́ẹ̀tì fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń sáré, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀nà odò, ó nu ojú. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Ó máa ń tán. Bí oṣù bá ti dá sí méjì ló ti máa ń tán."

Mo kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, kò kúrò lójú kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Èmi àgbàlagbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò ní igun náà.