Erékùṣù Lékeléke

"Kí wọn kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Ilé onílé la wá yìí."

Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń wí nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, tí imú ọkọ̀ wa bá ti kan ẹrẹ̀. Èmi á ní, "Ẹ kúulé o!" Àwọn lékeléke orí igi á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á kọjú sí wa. Há! Orí mi á wú. Fèrè tírélà láti Máìlì Tú nìkan lẹ máa gbọ́, fínrínfínrín, bíi pé ayé mìíràn ló ti ń dún.

Lẹ́yìn Festac lọ́hùn-ún ni erékùṣù náà wà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Bí omi bá kún, orí igi ló ń kù. Ìjọba ti ri pátákó síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ, pátákó ọ̀hún ti ń jẹrà. Òórùn imí ẹyẹ ò jẹ́ kéèyàn mí dáadáa. Ìdí igi kan náà ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí, á tú ẹ̀kọ tó rà lọ́jà Agboju, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi rò pé ẹyẹ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ará àdúgbò náà rò bẹ́ẹ̀. Ní Festac wa, tí àdúrà ń dún láti ojúlé dé ojúlé, arúgbó tó ń bẹ ẹyẹ wò, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n pè é? Màmá mi fara dà á títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ kan, ó gba ọkọ̀ tẹ̀lé wa. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó bẹ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, nínú ẹyẹ wọ̀nyí àti ilé mi, ẹ mú ọ̀kan lónìí! Wọ́n ń pè yín lájẹ̀ẹ́!"

Ìyá àgbà ò bínú. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ń wá wò."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo? Ṣebí Kọ̀tọ̀nù lẹ ní ó lọ tí kò padà?"

"Kò dé Kọ̀tọ̀nù. Ọ̀sà ló gbé e. Ẹyẹ tó ń yí po lókè la fi rí i. Àwa ará etí omi kì í gbé ẹni tí omi pa wọlé, ibi tá a bá ti rí i là ń sin ín sí. O ṣì ń mu ọmú nígbà yẹn. Nígbà tó o wá ń bèèrè, ẹnu mi ò gbà á."

Màmá mi kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ kúulé o."

Àwọn ẹyẹ tí kì í dá wa lóhùn wá fi igbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn. Mo di ìró ìyá àgbà mú. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí mo gbọ́.

Ìyá àgbà ti sùn báyìí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ la sin ín sí, tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ fún màmá mi, ọ̀nà tí ìyá àgbà fi hàn mí náà là ń gbà. Ṣùgbọ́n omi ń jẹ erékùṣù náà lọ, gbòǹgbò igi ti ń hàn síta. Nígbà tá a lọ kẹ́yìn, màmá mi bi mí pé bí omi bá gba ibẹ̀ tán, níbo lòun á ti máa kí ẹ̀gbọ́n òun? Ó dùn mí wọra. Ìyá àgbà kọ́ mi ní ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ mi ní ìyẹn.