Òkìtì Èédú Ìyá Ràfátù

Ní ọ̀sán àná, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí òórùn èédú gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Gáàsì ti wọ́n, aládùúgbò mi sì ti gbé àdògán onírin kan síta, ó kó èédú sí i, ó ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, àgbàdo sísun tàbí súyà ló máa sọ sí yín lọ́kàn. Ní tèmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Ràfátù ló máa ń mú wá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì sí ìgbà kan tí mo gbọ́ òórùn èédú tí ara mi balẹ̀.

Abúlé kékeré kan lẹ́yìn Likosi ni a ti dàgbà, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkòròdú wá sí Ṣàgámù. Bàbá mi ló ni ilẹ̀ jù níbẹ̀. Igi obì ló yí agboolé wa ká, abẹ́ wọn tutù nini, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ilé wa máa ń jókòó sí láti bó obì tí àwọn oníṣòwò yóò wá kó lọ sí ọjà Sábó ní Ṣàgámù. Iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Bátìrì ni rédíò bàbá mi ń lò, bí bátìrì náà bá sì ti rẹ̀, wọn á sá a sóòrùn lórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́, wọn á ní kí n jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà gbé e lọ. Kí ni ewúrẹ́ fẹ́ fi bátìrì ṣe? N kò bi wọ́n. Tó bá dìrọ̀lẹ́, rédíò á tún sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bàbá mi á sì máa wo gbogbo wa lójú bí ẹni pé àwọn ló dá oòrùn.

Ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ bàbá mi, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ni Ìyá Ràfátù ti ń sun èédú. Opó ni wọ́n. Ọkọ wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn èèyàn rò pé wọn yóò kó ẹrù padà sílé ẹbí wọn, ṣùgbọ́n àáké ọkọ ni wọ́n gbé kọ́ èjìká, wọ́n sì wọ inú igbó lọ. Bàbá mi gbà wọ́n láàyè láti máa gé igi níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé inú ilé alámọ̀ kékeré tó wà létí oko, láìgba ìṣákọ́lẹ̀ kankan.

Iṣẹ́ èédú kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ara ń kán. Wọn á to igi jọ títí yóò fi ga ju orí àwa ọmọdé lọ, wọn á fi ewé tútù bò ó, wọn á fi erùpẹ̀ rẹ́ gbogbo ara rẹ̀, àfi ihò kéékèèké mélòó kan tí èéfín yóò máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn á ti iná bọ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́wàá, ni òkìtì náà yóò fi máa mí bí ẹranko ńlá tó sùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, torí bí ara rẹ̀ bá sán, tí atẹ́gùn ráyè wọlé, iná yóò jí, yóò sì jẹ gbogbo igi náà di eérú. Àwọ̀ èéfín ni Ìyá Ràfátù fi ń mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Bí ó bá funfun tó sì nípọn, omi ara igi ló ń jáde. Bí ó bá wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó jọ àwọ̀ aró tí wọ́n bu omi là, èédú ti ń jinná nìyẹn.

Ràfátù àti èmi la jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé. Èmi ń wọ bàtà, òun ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ó sì máa ń yára jù mí lọ. Bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó, dúdú èédú kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá ń yẹ èékánná wa wò, òun ló máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ fún pàṣán kí wọ́n tó pè é. Ó ní oúnjẹ tí kò ní yẹ̀ lórí ẹni, kí èèyàn tètè jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

A wà ní ìwé kẹfà nígbà tí Tíṣà Ṣówálé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, kọ́ wa nípa agbára. Ó ní oríṣiríṣi ni agbára: ti ohun tó ń rìn, ti ooru, ti ìmọ́lẹ̀, ti ìró, ti iná mànàmáná, àti èyí tó sá pamọ́ sínú oúnjẹ, sínú igi, sínú rọ́bà tí a fà. Ó ní kò sí èyí tó ń ṣègbé nínú wọn, ńṣe ni ọ̀kan ń di òmíràn. Ó ní kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbo ara wọn kíkankíkan. Nígbà tí ọwọ́ wa gbóná, ó ní, "Ẹ̀bà alẹ́ àná ló ń gbóná yẹn." A rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣàlàyé pé oòrùn ló wọ inú ewé ẹ̀gẹ́, tó di gàrí, tó di ẹ̀bà, tó wọ inú ara wa, tó wá jáde sí ọwọ́ wa.

Lẹ́yìn náà ló gbé igi gbígbẹ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé èédú sí ọwọ́ òsì. Ó ní ìwọ̀n wọn dọ́gba, èwo ni agbára pọ̀ jù nínú rẹ̀? Èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní, mo sì sáré dìde. "Igi ni, sà. Iná ti jẹ tinú èédú tán."

Ràfátù náà dìde, wọ́ọ́rọ́wọ́. "Èédú ni, sà. Iná ò jẹ ẹ́. Omi àti èéfín ló lé jáde. Èyí tó kù, iná tó ń sùn ni."

Tíṣà gbé èédú náà sókè kí gbogbo wa rí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwà burúkú mi. N kò fẹ́ purọ́ fún yín pé ìmọ̀ nìkan ni mo ń wá. Ìlara jẹ mí débi pé n kò bá a rìn wálé lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ nínú ara mi pé irọ́ ló pa, pé kò sí bí iná ṣe máa wà lára igi fún ọjọ́ mẹ́jọ tí kò ní jẹ ẹ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ọyẹ́ ti mú gan-an nígbà náà. Òkìtì tó wà nílẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí Ìyá Ràfátù tíì ṣe rí, wọ́n sì ti ń sọ fún gbogbo abúlé pé òun ni yóò rán Ràfátù wọ ilé ìwé girama. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n lọ bá àwọn ẹlẹ́ran súyà tó máa ń ra èédú wọn ní Sábó sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi Ràfátù ti òkìtì náà. Mo lọ bá a níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ó rò pé mo ti gbàgbé ìbínú mi.

"Bá mi jókòó tì í," ó ní. "Mo fẹ́ pọn omi wá sí i. Ara rẹ̀ ti ń gbẹ jù."

Bó ṣe yà sí ọ̀nà odò ni mo mú ọ̀pá, mo fi gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà. Erùpẹ̀ ya, ewé tó ti gbẹ ya, mo sì yọjú wò ó. Mo rí i. Àwọn igi náà dúró bí a ṣe tò wọ́n, kò sí èyí tó wó, wọ́n pọ́n láti òkè délẹ̀, láìsí ọwọ́ iná kan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti oòrùn àṣálẹ́ mọ́ inú iyàrá. Òótọ́ ni Ràfátù sọ. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kọrin bọ̀, mo kó ewé gbígbẹ dí ihò náà, mo da erùpẹ̀ díẹ̀ lé e, mo sì kúrò níbẹ̀.

Ó gbé omi kalẹ̀, ó ń fa imú. "Òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan?"

"Rárá o," mo ní. Mo ní ìyá mi ń wá mi, mo sì lọ.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, omi wà nílẹ̀, erùpẹ̀ wà nílẹ̀, àwa méjèèjì ì bá rẹ́ ibẹ̀ kí a tó ka ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ n kò sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a rí èéfín láti agboolé wa, lẹ́yìn náà a rí ọwọ́ iná. Àwọn ọkùnrin sáré lọ, èmi náà tẹ̀lé wọn. Ràfátù ń fi ọwọ́ lásán gbá erùpẹ̀ lu iná, ó ń ké. Iná ti bó o lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ràfátù dé láti Sábó, òkìtì náà ti wó sínú ara rẹ̀. Wọn kò na ọmọ wọn, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń wo eérú. Gbogbo èèyàn ní ọmọdé ni Ràfátù, ó ti ní láti sùn lọ. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun kò sùn, pé bóyá òun kò rẹ́ ibì kan dáadáa ni. Mo dúró lẹ́yìn bàbá mi.

Lẹ́yìn ìsinmi ilé ìwé, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ ní Ìkòròdú. Ó wá dágbére fún mi, àpá iná ṣì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ tó kù. "Bá mi máa kọ ohun tí Tíṣà bá kọ́ yín sínú rẹ̀. Tí mo bá wá ṣe Iléyá, màá kà á." Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́, mo sì jáwọ́. Nígbà Iléyá, kò wá.

Èmi wọ ilé ìwé girama. Mo di tíṣà, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo sì fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbé igi sí ọwọ́ ọ̀tún, èédú sí ọwọ́ òsì, bí Tíṣà Ṣówálé ti ṣe. Bí àwọn ọmọ bá ṣì í, màá sọ fún wọn pé iná tó ń sùn ni èédú. Wọn á kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Kò sí ọdún kan tí mo sọ fún wọn pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ wá Ìyá Ràfátù. Ràfátù ti kú ní Ìkòròdú láti ìgbà pípẹ́, àìsàn ráńpẹ́ ni wọ́n ní ó ṣe é. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan ní Ṣàgámù ni mo ti bá màmá náà, ojú wọn ti di bàìbàì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ṣí òkìtì yẹn."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n fi èdè Rẹ́mọ àwọn àgbà sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo rí ojú ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé nínú erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kúrò lára òkìtì, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ló ń wọ bàtà nínú igbó yẹn, bí kò ṣe ọmọ onílẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Fún bàbá rẹ? Lórí ilẹ̀ bàbá rẹ?"

Mo bi wọ́n bóyá Ràfátù mọ̀. Wọ́n mi orí. "N kò lè sọ fún un. Ọmọ tí kì í dákẹ́ ni, ojú ọ̀nà ilé ìwé ló ti máa pariwo rẹ̀, ibo la ó wá sùn? Títí ó fi kú, ó gbà pé òun ló ṣe é. Nígbàkígbà tó bá wá kí mi, á ní, 'Ìyá, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ èédú yẹn o.'"

Mo sunkún. Wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi títí wọ́n fi rí i. "Dìde. Èmi ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí o wá sọ ọ́ fún." Wọn kò gbé ọdún náà já.

Abúlé wa kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé igi obì, ilé bíríkì ti gba ibẹ̀, páànẹ́lì sólà sì wà lórí òrùlé, ní ọgangan ibi tí a ti ń sá bátìrì sóòrùn rí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wá láti ibi gbogbo, òwúrọ̀ ni wọ́n ń jáde, àṣálẹ́ ni wọ́n ń wọlé, wọn kò mọ ẹni tó ni igbó nígbà náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi tẹ́lẹ̀ pé ìgbà tiwa dára ju tiwọn lọ. N kò sọ ọ́ mọ́. Ìgbà tiwa dára fún ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn igi obì tó tutù yẹn náà ni obìnrin kan ti rí òótọ́ tí kò lè la ẹnu sọ ọ́, èmi sì ti jẹ èrè ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ títí mo fi hu ewú.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ilé ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, mo sì lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n gbẹ́ ló pupa, àfi apá kan tó dúdú kirikiri, tí èérún èédú ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Màmá, ṣé ilé kan ti jó níbí rí ni?"

"Rárá," mo ní. "Èédú ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n dá lẹ́bi. Ràfátù lorúkọ rẹ̀."

Àwọn ọmọkùnrin náà wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.