Ìpẹ́ Akíka Ilé Ọdẹ

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi ṣe lẹ́kulẹ́ja ní ọjà Ayétòrò. Ó ta ewé, egbò, èèpo igi, ó sì ta ìpẹ́ àwọn akíka tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ń pa. Nígbà tí ìjọba kéde pé akíka ti ń tán nínú igbó, pé ẹni tó bá tún tà á yóò fojú ba ilé ẹjọ́, odindi oṣù kan ló fi bínú. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ kó tó kú pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun fojú kan akíka kẹ́yìn. Ni ìyá bá pa ìpẹ́ títà tì, ó gbájú mọ́ ewé àti egbò.

Ìpẹ́ kan ṣoṣo ló fi pa mọ́, kì í ṣe ti títà. Nílé ọkọ rẹ̀ ní Jóga-Orílé, ìyá àgbà ní í so ó mọ́ ọmọ tuntun lọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìbídàpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bí, ti lọ sílé ọkọ ní Kétu, lódìkejì bodè. Àwọn àna kò béèrè ìpẹ́ o. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló ní dandan ni.

Ọdún tí wọ́n ti bodè pa ni Ìbídàpọ̀ bí ọmọbìnrin. Ìyá gbọ́ igbe ọmọ lórí fóònù, àárò ọmọ tí kò rí rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù kò sì lójú.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ó gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè kan lọ́nà Ìmẹ̀kọ máa ń jẹ́ kí arúgbó tí kò gbé ọjà fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ó pe Ìbídàpọ̀ pé òun ń bọ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan tú báàgì rẹ̀, ó rí ọṣẹ, aṣọ ọmọ, àdí, àti ìpẹ́. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Ẹni tó ta á fún ọgbọ̀n ọdún kò lè pè é ní nǹkan mìíràn.

“Màmá, òfin ò jẹ́ kí èyí kọjá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Ẹ fi sílẹ̀ níbí, kí ẹ máa lọ bá ọmọ yín.”

Agídí ilé ọdẹ! Ó ní òun kò lè fi ohun ìdílé sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Òun á gbé e padà sílé, òun á tún wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà rọ̀ ọ́, ó kọ̀.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn tuntun ní àṣẹ ti yí padà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá. Ó jókòó sábẹ́ igi títí di ọ̀sán, ó sì padà sílé. Ìtìjú kò jẹ́ kó pe Ìbídàpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Oṣù mẹ́wàá ló fi ń sọ fún Ìbídàpọ̀ pé wọ́n dí ọ̀nà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ìbídàpọ̀ pè é pé ọmọ ti ń di ògiri mú dìde, ara ìyá kò gbà á mọ́. Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìpẹ́, títí kan aṣọ́bodè tó bẹ̀ ẹ́.



“Màmá,” ni Ìbídàpọ̀ wí, “ẹ̀yin ni mo ń wò lọ́nà. Títí oòrùn fi wọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Mo ní ẹ ti ń bọ̀.”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní kó bá òun gbé fóònù sétí ọmọ.