Ìkíni Olóhùn-Àdàbà Láàárọ̀ Kùrukùru

Obìnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ohùn rẹ̀, tí wọn ò sì mọ ojú rẹ̀. Yàrá onígíláàsì kékeré kan lókè ibùdókọ̀ ojú irin ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ fún àwọn èrò ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti ìgbà tó máa gbéra. Olóhùn-Àdàbà làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bó bá dúró níwájú ìsọ̀ tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ, àwọn tó wà nítòsí á ṣàdédé gbá ẹrù wọn mú, bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ohùn náà kì í kánjú. Bó bá ní, "Ọkọ̀ tó ń lọ síhà ìlà-oòrùn ti dé," á dà bí ìgbà tí ìyá ń jí ọmọ tó sùn lọ́sàn-án. Òun alára, tó bá ti jókòó sókè níbẹ̀ láàárọ̀, tó ń wo orí àwọn èèyàn tí wọ́n ń ṣàn lọ ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ bí omi, nígbà míì kì í mọ̀ bóyá òun ti jí tàbí òun ṣì ń lálàá.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fi máa ń kádìí ìkéde: "Ẹ kú ọdún ìbí Olúwa wa. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé." Ẹnu obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló ti gbà á. Kò bi ara rẹ̀ rí pé àwọn ta ni "wa" yẹn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀gá tuntun dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì ara rẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní kí Olóhùn-Àdàbà jókòó.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn ni. Àwọn kan wá bá mi, wọ́n ní ọkọ̀ gbogbo ayé ni, kì í ṣe ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá ní ká kúkú máa sọ pé, 'A kí gbogbo èrò kú àsìkò.' Àwọn mìíràn gbọ́, ni wọ́n bá fárígá, wọ́n ní ṣé a fẹ́ lé Ọlọ́run kúrò ní ibùdókọ̀ ni."

"Èwo wá ni ká ṣe, ọ̀gá?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ nujú. "Ẹ̀yin lẹ lẹnu, ẹ̀yin lẹ lóhùn. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ lọ́la, òun náà ni ibùdókọ̀ sọ."

Olóhùn-Àdàbà ń tọ́ ọ̀rọ̀ tuntun ọ̀hún wò lẹ́nu bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ kú àsìkò. Àsìkò kí ni? Ó dà bí aṣọ tí wọ́n rán fún gbogbo èèyàn, tí kò sì bá ẹnì kankan mu.

Nírọ̀lẹ́, ó yà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aṣáájú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Aṣọ ni ìyẹn ń lọ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọmọ ìyá mi, tó o bá fi orúkọ Jésù sílẹ̀ torí ọ̀gá, má wulẹ̀ tẹ ilé mi o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́?"

"Ọkọ ẹ kì í ṣèèyàn burúkú. Àmọ́ ṣé torí ó jẹ́ ọkọ ẹ, òun ló ni ọkọ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò yí ohùn padà.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Òwú wọlé, ọkọ rẹ̀ sì ta á ní kókó.

"Ìyá wọn, gbogbo ọdún tí mo ti ń wọkọ̀ níbẹ̀, àmín ni mò ń ṣe. Àdúrà ni, ta ní í kọ àdúrà? Àmọ́ lẹ́yìn àmín yẹn, mo máa ń dúró díẹ̀, bóyá wàá tún sọ̀rọ̀. Ariwo ọkọ̀ ni mo máa ń gbọ́."

Ó sọ ọ́ láìbínú, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ti gbé ibùdókọ̀ mì. Láti inú yàrá rẹ̀, Olóhùn-Àdàbà ò rí orí èèyàn kankan. Gbogbo rẹ̀ funfun báláú, iná àwọn òpó sì ń tàn bàìbàì bí ọsàn tí wọ́n so kọ́ sínú ìkùukùu. Ọkọ̀ ò lè gbéra. Ó kéde pé kí wọ́n ní sùúrù. Ó wá ku ìkíni.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì rí èyí tó fẹ́ jáde. Ó dijú. Ó gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ nísàlẹ̀, ó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́, ó gbọ́ táyà àpótí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o," ni ẹnu rẹ̀ bá sọ.

"Òo!" ni bàbá àgbàlagbà kan dáhùn láti inú kùrukùru.

Láti ọjọ́ tí Olóhùn-Àdàbà ti ń kí wọn, ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ èsì rí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ́rù dání, ẹ kú ẹrù. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣọdún ìbí Jésù, ẹ kú ọdún, ọdún á yabo. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ọdún tiyín ṣì wà níwájú, ayọ̀ la ó fi rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ò ṣọdún kankan, ẹ kú ìrìn, ẹ ó bá ilé láyọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin tí ọdún yìí bá nínú ìbànújẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Àmín ń bọ̀ lápá òsì, àmín ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Ohùn ọkùnrin kan ta sókè: "Àwa tá ò ríbi jókòó ńkọ́?"

"Ẹ kú ẹsẹ̀ ríro o!"

Kùrukùru náà bú sẹ́rìn-ín. Béèyàn ò bá mọ̀, á rò pé ohun funfun yẹn gan-an ló ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá gòkè wá, ó kanlẹ̀kùn. "Màmá, ó ti gùn jù."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Ẹ gé e kúrú díẹ̀." Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo funfun níta, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn bó ṣe ń lọ.

Kò pẹ́ sí i, obìnrin kan tó wọṣọ dúdú gun àtẹ̀gùn wá. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kí mi?"

"Mi ò rí yín, mà. Ẹ má bínú."

"Ọkọ mi ni mò ń lọ sin. Láti ọjọ́ tó ti kú, 'ẹ kú ọdún, ẹ kú ọdún' ni gbogbo ayé ń kí mi, mi ò sì mohun tí mo lè fi fèsì. Tiyín yìí, mo mọ èsì ẹ̀." Ó gbá ìbòrí rẹ̀ mọ́ra. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rírú ẹ̀."

Olóhùn-Àdàbà fa àga kejì fún un. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí kùrukùru ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀, tí orí àwọn èrò ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ obìnrin náà fi dé.

Ìkíni náà kúrú sí i lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò pa rẹ́. Ẹnì kan tún fẹjọ́ sùn pé wọ́n kí àwọn kan ṣáájú àwọn kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí Olóhùn-Àdàbà fi lọ bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún.

"Mo gbọ́ pé o dárúkọ Jésù," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣùgbọ́n àárín èrò lo há a mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àárín èrò kúkú ni wọ́n ti máa ń rí i nígbà ayé ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mú Bíbélì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sì sún fún un kó jókòó.