Iyọ̀ Ẹnu Ife

Òórùn èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà nígbà yẹn, èmi ni mo sì fà á. Ilé ọtí kan ní Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń po ọtí mọ́ omi èso fún àwọn oníbàárà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi iyọ̀ yí ẹnu ife rẹ̀ ká. Iyọ̀ olóòórùn tó ń wá láti òkè òkun ti wọ́n jù, ni mo bá ní n ó máa ṣe é nílé. Mo máa ń fi ohun tí a fi ń rin ilá rin èèpo ọsàn náà, ara rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ yẹn nìkan, torí funfun abẹ́ rẹ̀ a máa korò. N ó wá fi ọwọ́ ra á mọ́ iyọ̀ oníhóró títí gbogbo ìka mi á fi máa ta mí, n ó sì sá a sórí tíréè ní fàráńdà. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan péré ti tó o.

Ìyá mi ò mọ nǹkan kan nípa ọtí. Aládùúrà ni wọ́n, ní Mọ́níyà. Ìgò bíà òfìfo pàápàá, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé wọn. Nígbà tí mo ríṣẹ́ yìí, mo sọ fún wọn pé ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, pé mò ń dín ẹran, mò ń dín dòdò. Irọ́ kékeré ni lójú mi. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á gbàdúrà, n ó ṣe àmín, ojú oorun ṣì ni n ó wà. Ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà mí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n má fi ojú ọmọ gidi wò mí mọ́.

Ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ ni màmá mi wá bá wa gbé, kí wọ́n lè máa wẹ ọmọ. Wọ́n bá iyọ̀ mi lórí tíréè. Mo ní ẹran yíyan ni a ń fi í sí. Wọ́n ní mo káre.

Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo lo gbogbo iyọ̀ ilé tán sínú tèmi, mi ò sì ra òmíràn dípò. Ta ló ń rántí iyọ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá wá iyọ̀ tí wọn yóò fi ṣàdúrà fún ọmọ títí, ìgò tí mo kó iyọ̀ mi sí ni wọ́n rí, wọ́n sì dà á sínú àwo. Kí n tó to àga tán, alàgbà ìjọ wọn ti ṣí àwo.

“Iyọ̀ rèé. Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Ayé rẹ á dùn.”

Ó fi ìka kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ fún ojú pọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá ètè. Wọ́n gbé àwo náà yípo, kálukú ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Alàgbà tún tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ wo nìyí?”

“Ọmọ mi yìí ló ṣe é!” Inú màmá dùn kọjá ààlà. “Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ló wà.”

Alàgbà yíjú sí mi. “Kí lẹ ń fi í ṣe níbẹ̀, ọmọ mi?”

Ẹran yíyan ni mo fẹ́ sọ. Mo wo ètè ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ yẹn, iyọ̀ ṣì ń dán níbẹ̀, irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

“Ẹnu ife la ń fi í sí, bàbá. Ife ọtí. Mi ò sí nílé ìdáná rí. Ọtí ni mò ń pò.”

Alàgbà wo ìka rẹ̀ díẹ̀. “Iyọ̀ ṣáà ni,” ló wí, ó sì mú oyin.

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ. Èmi ni mo gbé báàgì wọn dé ibi ọkọ̀ Mọ́níyà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n nítorí ọtí. Wọ́n mi orí.

“Ọtí kọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí òróró gbígbóná má ta sí ẹ lójú, kí iná gáàsì má jó ẹ. Ta ni mo wá ń gba àdúrà yẹn fún?”

Ó dùn mí dé eegun. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ara mi nìkan ni mo fi irọ́ bò. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ irọ́ náà tó ń fi àdúrà ṣiṣẹ́ láràárọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé tí n kò gbé. Níbẹ̀, kí ọkọ̀ tó kún, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: bí ife ṣe ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́, bí ọ̀bẹ tí a fi ń bó ọsàn ṣe mú tó, bí àwọn tó ti yó ṣe máa ń pariwo mọ́ni. Wọ́n ń mi orí sókè sílẹ̀ bí ẹni tó ń há nǹkan sórí.

Títí di òní, wọn ò tíì sọ pé iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pè láràárọ̀.

“Kí ife má fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ o.”

“Àmín, màmá.” Mo máa ń dìde jókòó kí n tó dáhùn, torí àdúrà yìí, tèmi ni.